Bí A Ṣe Ń Fi Fuzzy Logic Kọ́ Kọ̀ǹpútà Láti Bá Nọ́ọ̀sì Wo Ọmọ Tó Ń Mí Hẹlẹ

Ọmọ oṣù 8 kan dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ikọ́ ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, ó jẹ́ 49. Nínú ìlànà WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, fún ọmọ oṣù 2 sí 11, 50 ni èémí ti di èyí tó yára jù, tí a ó sì pe ikọ́ náà ní òtútù àyà. Ọmọ yìí fi ẹyọ kan péré bọ́. Bí ọmọ bá ta ẹsẹ̀ tí ojú nọ́ọ̀sì sì kúrò ní àyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, 50 ti di 49 nìyẹn, ìwé á sì ní ikọ́ lásán ni. Kọ̀ǹpútà tí a kọ ìlànà yìí sí bó ṣe wà yóò ṣe àṣìṣe kan náà. Á kàn yára ṣe é ni.

Níbi ààlà bẹ́ẹ̀ ni fuzzy logic, ìyẹn ìṣirò tó ń lo ìwọ̀n láti 0 dé 1 dípò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ti wúlò. Tí èémí ọmọ bá jẹ́ 32 tàbí 75, kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀.

Lotfi Zadeh, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, ló gbé e jáde ní 1965. Ohun tó sọ ni pé ọ̀rọ̀ bíi "ga", "gbóná" àti "yára" kò ní ògiri, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ní. Nọ́ńbà kan lè bá "yára" mu dé ìwọ̀n 0.6, kó sì bá "déédéé" mu dé ìwọ̀n 0.4 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Omi wa lè tutù nini, ó lè lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó lè gbóná, ó lè gbóná janjan, kò sì sí ẹni tó ń béèrè tẹmọ́mítà kó tó mọ èyí tí a lè fi po ògì fún ọmọ. Bákan náà ni káàdì ìdàgbàsókè tí Dókítà David Morley lò ní Imẹ̀sí-Ilé ní àwọn ọdún 1950, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital, Iléṣà: kò sọ fún ìyá pé ọmọ rẹ̀ yege tàbí kùnà, ó ní kó wo ibi tí ìlà ìwọ̀n ọmọ ń kọrí sí láàárín ìlà méjì.

Ètò tí a ó kọ́ níbí wà fún ọmọ oṣù 2 sí 11 tó ní ikọ́ tàbí tí èémí ń ṣòro fún. Ohun mẹ́ta ló máa gbà wọlé: èémí, atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, àti ìgbóná ara. Nọ́ńbà kan ló máa mú jáde, láti 10 dé 90, tó ń sọ bí ewu ṣe pọ̀ tó. Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni. Kò rọ́pò ìlànà WHO, kò sì kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni.

1. Ohun tí fuzzy logic kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbí kó tó di pé ẹ tan kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ àwọn àmì ewu sórí ìwé kan: ọmọ tí kò lè mu ọmú tàbí omi, èyí tó ń bi gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu rẹ̀, èyí tí gìrì mú nínú àìsàn yìí, èyí tó ń tòògbé tí kò ṣeé jí, èyí tí ọ̀fun rẹ̀ ń dún nígbà tó ń fa èémí sínú bí ara rẹ̀ tilẹ̀ balẹ̀, èyí tí atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó 90%. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti tó. Ètò yóò kọ "Ẹ GBÉ ỌMỌ LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN ŃLÁ NÍSINSÌNYÍ", kò ní ṣe ìṣirò kankan.

Ìdí rẹ̀ ni pé fuzzy logic máa ń po nǹkan pọ̀. Tí ẹ bá fi gìrì sínú ìṣirò bí ohun kan lára mẹ́rin, tí mẹ́ta yòókù sì wà déédéé, àpòpọ̀ yóò fa ewu rẹ̀ wálẹ̀ sí àárín. Ọ̀pọ̀ ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ló ti ibí bàjẹ́: wọ́n fẹ́ kí ohun gbogbo jẹ́ fuzzy.

Òfin líle mẹ́rin mìíràn tún wà tí ẹ ó kọ síta ìṣirò. Àkọ́kọ́, ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 ní ìlànà tirẹ̀. Ètò yìí kò gbọdọ̀ gbà á wọlé. Èkejì, bí àyà ọmọ bá ń wọnú nísàlẹ̀ nígbà tó ń mí, èsì kò gbọdọ̀ kéré ju 40 ohunkóhun tí ìṣirò ì báà sọ. Ẹ̀kẹta, ìgbóná ara 37.5 lábẹ́ abíyá sókè túmọ̀ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún màléríà, torí ní agbègbè wa òtútù àyà àti màléríà máa ń wọ aṣọ kan náà, wọ́n sì lè jọ wà lára ọmọ kan. Ẹ̀kẹrin, ọmọ tó gbẹ gan-an lè ní òtútù àyà láìmí kíákíá, láìsí ibà. Fún ọmọ oṣù 6 sókè, bí apá rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 yíká, kí ètò kọ "Ẹ pe dókítà", kó sì dákẹ́.

2. Wíwọ̀n nǹkan kó tó di ìṣirò

Ìṣirò tó dára jù lọ kò lè tún nọ́ńbà burúkú ṣe.

Èémí: ìṣẹ́jú kan gbáko ni kí ẹ kà. Ẹ má ka ìlàjì ìṣẹ́jú kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, torí àṣìṣe ẹyọ kan á di méjì. Kí ọmọ má máa sunkún, kó má máa mu ọmú. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè kí ẹ lè rí àyà àti ikùn. Tí ó bá ti 44 sókè, ẹ tún un kà, kí ẹ sì fi ìkejì sínú ètò.

Atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀: ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka ni. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìka àgbàlagbà kò ní dúró dáadáa lára ọmọ oṣù 4. Ẹ lo tọmọdé ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ẹ dúró títí tí nọ́ńbà á fi dákẹ́ tí ìlù ọkàn tó ń fi hàn á sì ṣe déédéé. Ìka tútù lásìkò ọyẹ́, oòrùn tó ń tàn sórí ẹ̀rọ, làálì àti ọ̀dà dúdú ní èékánná, gbogbo wọn lè ba nọ́ńbà jẹ́. Ohun kan tún wà tí kò yẹ kí a fojú fò dá: ìwádìí ti fi hàn pé ẹ̀rọ yìí lè ka atẹ́gùn ju bó ṣe wà lọ lára ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú. Ìyẹn ni a fi ní láti bẹ̀rẹ̀ sí fura láti 96 wálẹ̀, ká má dúró de 90.

Ìgbóná ara: abíyá, kí ẹ sì kọ Celsius nìkan. Bí tẹmọ́mítà kan nínú ilé ìwòsàn bá ń ka Fahrenheit, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Tó bá kéré ju 35.5, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, dókítà ló kàn.

3. Béèrè etí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń wo ọmọ

Iṣẹ́ tó gba àkókò jù nìyí, òun sì ni àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà máa ń fò. Wọ́n á jókòó sí yàrá, wọ́n á fi ojú inú ya gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ọmọdé mẹ́ta ó kéré tán, ẹ bi wọ́n ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí tí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀ lójú gbogbo wọn, ohun tó sọ ni gbogbo wọn á sọ.

Ìbéèrè méjì péré ló tó fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mélòó ni èémí ọmọ oṣù mẹ́jọ á jẹ́ kí ẹ tó kọ́kọ́ fura pé ó yára? Mélòó ni á jẹ́ tí kò ní sí iyèméjì mọ́ rárá?" Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí ìwọ̀n ìbámu ti jẹ́ 0. Ìkejì ni orí rẹ̀, níbi tó ti di 1. Àwọn nọ́ńbà yìí la pè ní etí ọ̀rọ̀ náà. Tí mẹ́ta bá sọ 42, 44 àti 47, ẹ mú ti àárín. Tí ẹnì kan bá sọ 34 nígbà tí ìyókù sọ 44, ẹ béèrè ọjọ́ orí ọmọ tó wà lọ́kàn rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ó ṣì í: ọmọ tó ti lé lọ́dún kan ló sábà máa ń wà lọ́kàn wọn, ààlà tirẹ̀ sì jẹ́ 40.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sínú káàdì, ṣùgbọ́n ẹ má sọ "ó gbóná janjan lóru" di nọ́ńbà. Janjan tẹnìkan lè jẹ́ díẹ̀ lójú ẹlòmíràn.

Etí tí a ó lò nìyí.

Èémí ní ìṣẹ́jú kan:
- Déédéé: 1 títí dé 44, ó sọ̀ kalẹ̀ dé 0 ní 52.
- Yára: 0 ní 44, 1 láti 52 dé 62, 0 ní 70.
- Hẹlẹ: 0 ní 62, 1 láti 70 lọ sókè.

Atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, ìdá ọgọ́rùn-ún:
- Kéré jù: 1 ní 90, 0 ní 92.
- Dín: 0 ní 90, 1 ní 92, 0 ní 96.
- Tó: 0 ní 92, 1 láti 96 lọ sókè.

Ìgbóná ara:
- Wà déédéé: 1 títí dé 37.2, 0 ní 37.8.
- Gbóná díẹ̀: 0 ní 37.2, 1 láti 37.8 dé 38.2, 0 ní 38.8.
- Janjan: 0 ní 38.2, 1 láti 38.8 lọ sókè.

Ẹ wo ohun mẹ́ta níbẹ̀. Níbikíbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, òmíràn ń gòkè, àpapọ̀ àwọn méjèèjì sì jẹ́ 1. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, nọ́ńbà kan á bọ́ sí ibi tí kò ti ní orúkọ kankan. Èkejì, ìgbóná ara pàdé ní 37.5 àti 38.5, níbi tí ìlànà ti pín in. Ẹ̀kẹta, "déédéé" àti "yára" pàdé ní 48, kì í ṣe 50. A mọ̀ọ́mọ̀ fi sí ìsàlẹ̀ ni, kí ọmọ tó bá dé 50 ti jẹ́ "yára" dé ìwọ̀n 0.75. Tí a bá ṣe àṣìṣe, kó jẹ́ níhà ìṣọ́ra.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń da àwọn ènìyàn rú: 0.75 yìí kò túmọ̀ sí pé 75 nínú ọgọ́rùn-ún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ní òtútù àyà. Ó kàn ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà "yára" ṣe bá 50 mu tó. Tí ẹnì kan bá ní ògì yìí gbóná dé ìwọ̀n 0.3, ó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́, ẹ lè fún ọmọ mu. Tí ó bá ní mẹ́ta nínú abọ́ mẹ́wàá yìí ló ń hó, ẹ ò ní na ọwọ́ sí ọ̀kan. Nọ́ńbà kan náà, ọ̀ràn méjì. Ètò tó bá kọ "58% òtútù àyà" sójú kọ̀ǹpútà ń purọ́ fún nọ́ọ̀sì.

4. Òfin mẹ́jọ dípò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n

Ohun mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta jẹ́ òfin 27. Ẹ fi ohun kẹrin kún un, ó di 81, ìkarùn-ún, 243. Kò sí dókítà tó máa jókòó ka 243 òfin pẹ̀lú yín, òfin tí dókítà kò sì kà kì í ṣe òfin. Ẹ kó àwọn tó jọra pọ̀. Èsì òfin kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta: 10 fún ewu kékeré, 50 fún àárín, 90 fún ewu ńlá.

1. Bí atẹ́gùn bá kéré jù: 90.
2. Bí èémí bá hẹlẹ tí atẹ́gùn sì dín: 90.
3. Bí èémí bá hẹlẹ tí atẹ́gùn sì tó: 50.
4. Bí èémí bá yára, tí atẹ́gùn dín, tí ara sì gbóná janjan: 90.
5. Bí èémí bá yára, tí atẹ́gùn dín, tí ara kò sì gbóná janjan: 50.
6. Bí èémí bá yára tí atẹ́gùn sì tó: 50.
7. Bí èémí bá wà déédéé tí atẹ́gùn sì dín: 50.
8. Bí èémí bá wà déédéé tí atẹ́gùn sì tó: 10.

Òfin 1 nìkan gba ipò mẹ́sàn-án. Òfin 4 gba ẹyọ kan, òfin 5 gba méjì, àwọn márùn-ún yòókù gba mẹ́ta mẹ́ta: 27 pé. Ẹ máa ka ipò báyìí nígbà gbogbo; òfin tó bá sọnù ni kọ̀ǹpútà máa fi dákẹ́ lójijì lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀. Ẹ ó tún rí i pé ìgbóná ara kò ṣiṣẹ́ níbòmíràn àyàfi òfin 4 àti 5. Bó ṣe yẹ nìyẹn. Ibà lásán kò sọ ikọ́ di òtútù àyà, àyẹ̀wò màléríà ti wà níta fún un.

5. Ìṣirò, pẹ̀lú bírò àti ìwé

Ẹ ṣe é lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó gbé e fún kọ̀ǹpútà. Ọmọ wa oṣù 8: èémí 49, atẹ́gùn 93, ìgbóná ara 38.6. Kò sí àmì ewu kankan.

Ẹ kọ́kọ́ sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀. Fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń gòkè, ẹ yọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú nọ́ńbà, kí ẹ fi gígùn rẹ̀ pín ohun tó kù. Èémí: 49 dín 44 jẹ́ 5; 5 pín sí 8 jẹ́ 0.625. "Yára" gba 0.625, "déédéé" gba 0.375 tó kù, "hẹlẹ" gba 0. Atẹ́gùn: 93 dín 92 jẹ́ 1, 1 pín sí 4 jẹ́ 0.25. "Tó" gba 0.25, "dín" gba 0.75. Ìgbóná: 38.6 dín 38.2 jẹ́ 0.4, ẹ fi 0.6 pín in, ó jẹ́ 0.667. "Janjan" gba 0.667, "kò gbóná janjan" sì jẹ́ 1 dín 0.667, ìyẹn 0.333.

Lẹ́yìn náà, agbára òfin kọ̀ọ̀kan. Níbi tí òfin bá ti so nǹkan pọ̀ pẹ̀lú "tí... sì", ẹ mú èyí tó kéré jù. Ẹrù kì í lágbára ju okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lára àwọn tó so ó.

- Òfin 1, 2 àti 3: 0.
- Òfin 4: èyí tó kéré jù nínú 0.625, 0.75 àti 0.667 ni 0.625.
- Òfin 5: 0.333.
- Òfin 6: 0.25.
- Òfin 7: 0.375.
- Òfin 8: 0.25.

Ní ìkẹyìn, ẹ sọ ọ́ padà di nọ́ńbà kan. Ẹ fi agbára òfin kọ̀ọ̀kan lọ èsì rẹ̀ po: 56.25, 16.67, 12.5, 18.75 àti 2.5. Àpapọ̀ jẹ́ 106.67. Àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ 1.833. Ẹ pín in: 58.2.

Ẹ wá yí èémí sí 50, kí ẹ má fọwọ́ kan ìyókù. Èsì di 59.5. Ẹyọ èémí kan tó ń ya ikọ́ lásán sọ́tọ̀ kúrò lára òtútù àyà nínú ìwé kò ju ìyàtọ̀ 1.3 lọ mọ́, bó sì ṣe rí lára ọmọ náà gan-an nìyẹn.

Ọ̀nà tí a lò yìí jẹ́ irú ti Takagi àti Sugeno, láti 1985. Ti Mamdani, tó lòkìkí láti 1975, máa ń lo onígun mẹ́ta dípò 10, 50 àti 90, ó sì máa ń wá àárín gbùngbùn ibi tí wọ́n bò. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀fìn kan: bí ẹ bá ya "ewu ńlá" ní onígun mẹ́ta láti 60 dé 100, tí ṣóńṣó rẹ̀ wà ní 100, àárín rẹ̀ kò lè kọjá 86.7 láéláé, kódà fún ọmọ tó ṣàìsàn jù lọ. Ẹni tó bá fi ààlà "gbé lọ" sí 90 ti kọ ètò tí kò ní gbé ẹnikẹ́ni lọ, kò sì ní rí i títí ọmọ kan á fi bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

6. Láti nọ́ńbà dé ohun tí nọ́ọ̀sì máa ṣe

- 10 dé 29.9: ilé, pẹ̀lú ìmọ̀ràn fún ìyá nípa àmì tó gbọ́dọ̀ mú un padà kíákíá.
- 30 dé 39.9: kí ọmọ jókòó ti ìyá rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n.
- 40 dé 69.9: ìtọ́jú òtútù àyà ní ibí, bí ìlànà ṣe là á. Bí èémí kò bá dé 50 tí àyà kò sì wọnú, ẹ pe dókítà lórí fóònù kí ẹ tó fún un ní oògùn.
- 70 sókè: ilé ìwòsàn ńlá.

A kò ṣàdédé yan 40. Ọmọ tí èémí rẹ̀ jẹ́ 50, tí atẹ́gùn rẹ̀ jẹ́ 98, tí kò ní ibà, máa gba 0.75 lórí òfin 6 àti 0.25 lórí òfin 8: 37.5 pẹ̀lú 2.5, ó jẹ́ 40 géérégé. Ìyẹn ni pé ẹni tí ìlànà WHO bá ti pè ní olótùútù àyà nítorí èémí, ètò wa kò ní dá a padà sílé. Òfin tó ga ju gbogbo òfin lọ níbí ni pé ètò lè gbé ọmọ sókè ju ibi tí ìlànà fi í sí, kò lè fà á wálẹ̀.

Ibi tí ilé ìwòsàn wà náà kàn án. Láti àárín Iléṣà dé Wesley Guild kò gba nǹkan kan. Ẹni tó wà ní Imẹ̀sí-Ilé, tí ọkọ̀ ti tán lójú títì nírọ̀lẹ́, yẹ kó fi ààlà "gbé lọ" sí 60, kí ọmọ tètè kúrò níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí i pẹ̀lú dókítà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

7. Kíkọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà

LibreOffice Calc tàbí Excel ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀: ìlà kan fún ọmọ kan, MIN fún "tí... sì", SUMPRODUCT fún ìpín ìkẹyìn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé dókítà lè tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, kó sì rí ibi tí nọ́ńbà ti wá. Tí ẹ bá fẹ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àkójọ irinṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ scikit-fuzzy wà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà Mamdani ni apá control rẹ̀ ń lò. Irú tiwa yìí, ẹ lè kọ ọ́ fúnra yín láàárín ogójì ìlà. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù kékeré lè gbé e, kò sì ní dúró bí iná bá lọ.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ nìyí. Nínú Calc àti Excel, àpótí òfìfo máa ń di 0 nínú ìṣirò. Bí nọ́ọ̀sì bá gbàgbé èémí, ètò á ka 0, 0 kéré ju 44, èémí á sì di "déédéé" dé ìwọ̀n 1. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò wo á lọ sílé! Kí ètò kọ̀ láti ṣiṣẹ́ àfi bí èémí bá wà láàárín 20 sí 90, atẹ́gùn 70 sí 100, ìgbóná 35.5 sí 42. Ìyẹn náà ló máa mú ẹni tó tẹ 386 dípò 38.6. Fún èémí tàbí ìgbóná tó bọ́ síta lóòótọ́, kí ó ní "Ẹ tún un wọ̀n, bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ pe dókítà". Fún atẹ́gùn tó kéré ju 70, òfin líle ti gbé ọmọ lọ ná.

Àṣìṣe kejì kéré, ó sì burú: kọ̀ǹpútà lè ṣírò 40 kó rí 39.9999999. Ẹ sọ èsì di ẹyọ kan lẹ́yìn àmì ìdá kí ẹ tó fi wé ààlà.

Ojú ìwé èsì kò gbọdọ̀ jẹ́ nọ́ńbà nìkan. Kí ó kọ òfin tó lágbára jù àti ìdí rẹ̀ ní Yorùbá: "58.2. Òfin 4 ló wúwo jù: èémí yára, atẹ́gùn dín, ara gbóná janjan." Nọ́ọ̀sì tó bá rí i pé ẹ̀rọ ìka ti yọ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ á mọ ohun tó yẹ kí òun tún wò.

8. Àyẹ̀wò ètò

Kí ẹ tó lo ọmọ ènìyàn kankan, ẹ fi nọ́ńbà lásán yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dá atẹ́gùn àti ìgbóná dúró, kí ẹ yí èémí láti 20 dé 90 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya èsì rẹ̀. Ìlà náà yẹ kó gòkè tàbí kó dúró. Níbikíbi tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ bí èémí ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ wá ìdí rẹ̀: òfin kan tàbí etí kan lè ti ṣì, tàbí kó jẹ́ pé bí a ṣe ń po àwọn òfin pọ̀ ló fà á. Ẹ ṣe bákan náà fún atẹ́gùn láti 100 wálẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni káàdì àwọn ọmọ tó ti kọjá. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìwà ìwádìí ilé ìwòsàn kí ẹ tó ṣí fáìlì kan. Ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OAUTHC, tí Wesley Guild wà lábẹ́ rẹ̀, ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Òfin Nàìjíríà lórí ààbò dátà, ti 2023, náà kàn yín: ẹ yọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù kúrò. Bí ẹ bá ní káàdì 200, ẹ fi 120 tún etí ṣe, kí ẹ ti 80 pa sínú àpótí, kí ẹ má wò ó. Ẹni tó fi káàdì kan náà tún ètò ṣe tó sì tún fi í yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń fún ara rẹ̀ ní máàkì ni.

Lórí 80 yẹn, ẹ béèrè nǹkan méjì ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú àwọn tí dókítà gbé lọ, mélòó ni ètò gbé lọ? Nínú àwọn tí dókítà dá padà sílé, mélòó ni ètò dá padà? Ẹ má pò wọ́n pọ̀ sí "ètò wa tọ̀nà dé ìdá báyìí", torí bí ọmọ tó ń ṣàìsàn gidi bá kéré láàárín wọn, ètò tó dá gbogbo ènìyàn padà sílé náà á gba máàkì tó ga. Gbogbo ọmọ tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ ṣí káàdì rẹ̀ pẹ̀lú dókítà. Ẹ ó sábà rí i pé wíwọ̀n ló bàjẹ́ kì í ṣe òfin. Bí ẹ bá yí etí kan padà, ẹ kọ ọjọ́, iye tó wà tẹ́lẹ̀, iye tuntun, àti dókítà tó fọwọ́ sí i.

9. Ọmọ tó ti lé lọ́dún kan

Fún oṣù 12 sí 59, ààlà WHO jẹ́ 40. Ẹ yọ 10 kúrò lára gbogbo etí èémí: 44 di 34, 52 di 42, 62 di 52, 70 di 60. Ẹ má yí atẹ́gùn, ìgbóná tàbí òfin padà. Lórí 40, "yára" á tún jẹ́ 0.75, èsì ọmọ tí ìyókù rẹ̀ dára á sì tún jẹ́ 40.

Ẹnì kan á wá béèrè pé ọmọ tó pé oṣù 12 lánàá ńkọ́, ṣé ọjọ́ orí náà kò yẹ kó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ bí ìlànà ṣe pín in, kí nọ́ọ̀sì lè bá kọ̀ǹpútà jiyàn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Bí ọjọ́ ìbí kò bá dá ìyá lójú, ẹ lo etí àwọn tó ti lé lọ́dún kan: 34 ni ìfura á ti bẹ̀rẹ̀ dípò 44.